Àrùn Iṣan Ọkàn, àti Bí Ẹni tí Ó Ní I Ṣe Lè Pẹ́ Láyé

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin àlejò wa láti Ìlíṣàn, Òde-Rẹ́mọ àti Ṣágámù, ọ̀rọ̀ tí a pè yín láti gbọ́ yìí kì í ṣe ìtàn àròsọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà ara kan ni, tí kò tóbi ju ìkúùkù ọwọ́ ẹni lọ, ṣùgbọ́n tí gbogbo ara ń gbọ́kàn lé. Àrùn kan wà tí ń dí àwọn iṣan tí ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkàn. Àwọn kan láàárín wa ní i, wọ́n sì mọ̀. Àwọn mìíràn ní i, wọn kò sì mọ̀. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ẹni tí dókítà ti sọ fún pé àrùn yìí ń ṣe é, ṣé ikú ni ó ń dúró dè, tàbí ó ṣì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì fi ojú rí ọmọ-ọmọ rẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé ó lè rí i, bí ó bá mọ ohun tí ń ṣe é, tí ó sì ń pa àwọn òfin mélòó kan mọ́ láìṣàárẹ̀.

I. IṢẸ́ TÍ ỌKÀN Ń ṢE

Nínú èdè wa, orúkọ kan náà ni a fi ń pe ọkàn tí ń ronú àti ọkàn tí ń lù nínú àyà. A ń wí pé ọkàn ẹnìkan balẹ̀, tàbí pé ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Lónìí, ọkàn tí í ṣe ẹran ara ni a ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí a bá súnmọ́ òpin ọ̀rọ̀ wa, a ó rí i pé àwọn méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn.

Ọkàn jẹ́ ẹran líle tí ó ní yàrá mẹ́rin nínú. Àárín àyà ni ó wà, ó sì tẹ̀ sí apá òsì díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ yí gbogbo ara ká, kí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lè dé ọpọlọ, kídìnrín, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ a máa lù ní nǹkan bí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, a sì máa ti nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, yóò ju ìgbà 100,000 lọ. Àgbẹ̀ a máa fi ọkọ́ lélẹ̀ ní ọ̀sán. Oníṣòwò a máa pa ìsọ̀ rẹ̀ dé ní alẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn kò ní ìsinmi láti inú ìyá wá títí di ọjọ́ ikú.

Ohun ìyanu kan wà nínú ọ̀ràn yìí. Ọkàn kún fún ẹ̀jẹ̀ nígbà gbogbo, síbẹ̀ kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ó ti ń jẹun. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tí ń bu oúnjẹ fún gbogbo ọjà, tí ó sì gbọ́dọ̀ bu ti ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ebi má baà pa á. Iṣan méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ni ó yà lára iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ọkàn, tí wọ́n sì padà wá tàn ká ara ọkàn bí gbòǹgbò igi. Àwọn iṣan náà kéré. Ihò inú wọn kò ju nǹkan bí mìlímítà 3 tàbí 4 lọ. Lórí àwọn ọ̀nà tóóró wọ̀nyí ni ẹ̀mí ènìyàn gbé kọ́.

II. BÍ IṢAN ṢE Ń DÍ

Nígbà èwe, inú àwọn iṣan wọ̀nyí a máa dán. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ a máa wọ inú ògiri wọn, pàápàá níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru, èéfín tábà, tàbí ṣúgà tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ bá ti pa ògiri náà lára. Ara a gbìyànjú láti wo ibi tí ó bàjẹ́ sàn, àpá a sì kù síbẹ̀. Ọ̀rá àti àpá yìí a máa di òkìtì kékeré, òkìtì náà a máa ga, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a sì máa fún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó lè gba 20 tàbí 30 ọdún kí ẹni náà tó mọ nǹkan kan lára.

Ọ̀nà méjì ni àrùn náà ń gbà fi ara rẹ̀ hàn. Ní ọ̀nà kìíní, ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá a tó fún ọkàn nígbà tí ènìyàn bá jókòó, ṣùgbọ́n kò ní í tó nígbà tí ó bá gun òkè, tí ó ru ẹrù, tàbí tí ó bínú. Ebi a pa ọkàn, àyà a sì máa dunni. Bí ẹni náà bá dúró sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìrora náà a lọ. Ní ọdún 1768, dókítà kan tí ń jẹ́ William Heberden ṣàlàyé ìrora yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù; ó ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ń rìn ni ó máa ń mú, àgàgà bí ó bá ń gun òkè lẹ́yìn oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí títí di òní.

Ọ̀nà kejì ni ó burú jù. Orí òkìtì ọ̀rá náà lè là lójijì. Ẹ̀jẹ̀ a rò pé ọgbẹ́ ni, a sì dì níbẹ̀ bí ó ti í dì nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́. Dídì ẹ̀jẹ̀ tí ń gbani lọ́wọ́ ikú bí a bá ṣèṣe a wá di ohun tí ó dí ọ̀nà pátápátá. Ibi tí iṣan náà ń bọ́ lára ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí wákàtí kan tó pé. Èyí ni a ń pè ní ìkọlù ọkàn. Ẹ kíyèsí i pé òkìtì tí ó là náà kì í ṣe èyí tí ó tóbi jù nígbà gbogbo. Nítorí náà ni ìkọlù ṣe lè bá ẹni tí àyà kò dùn rí.

III. ṢÉ ÀRÙN ÀWỌN ÒYÌNBÓ NI?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí pé àrùn àwọn Òyìnbó ni èyí, pé ẹni tí ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ àti èbìrìpò kò lè ní i. Ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ òtítọ́ ní ayé àwọn bàbá wa. Nígbà tí a ṣí Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀gbà ni àwọn dókítà ibẹ̀ ń rí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dúdú ni ó dáàbò bo àwọn bàbá wa, bí kò ṣe ìgbésí ayé wọn.

Ẹ̀rí èyí fara hàn ní ọdún 1997, nígbà tí Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìgbò-Ọrà àti Ìbàdàn nílẹ̀ wa, ti àwọn ará Kamẹrúùnù, ti àwọn ará erékùṣù Karibíánì, àti ti àwọn ènìyàn dúdú ní ẹ̀bá Chicago ní Amẹ́ríkà. Nínú 100 àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí 16 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Ní Karibíánì ó jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà ó di 33. Ìran kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí ayé wọn ti ń jìnnà sí oko, tí iyọ̀ àti ọ̀rá ń pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, tí ara wọn sì ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru sí i.

Ní ọdún 2004, àwọn oníṣègùn tí Salim Yusuf ṣáájú wọn tẹ ìwádìí mìíràn jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52, Áfíríkà sì wà nínú wọn. Wọ́n fi àwọn tí ọkàn wọn ti kọlù wé àwọn tí ara wọn le. Wọ́n rí i pé ohun mẹ́sàn-án péré ni ó fa èyí tí ó ju 90 lọ nínú 100 ewu náà: tábà mímu, ọ̀rá búburú nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, ìdààmú ọkàn, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó, àìlo ara, àti ọ̀ràn ọtí. Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní ilẹ̀ Òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́sàn-án ni àrùn yìí ń gbà wọlé, púpọ̀ nínú wọn sì ni a lè fi ọwọ́ ara wa tì.

Lónìí, ẹni tí í máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko ti ń gun alùpùpù. Ẹni tí í máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja ti ń ra búrẹ́dì, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti ẹran díndín lẹ́bàá títì. Nítorí náà ni a kò ṣe lè wí mọ́ pé àrùn náà jìnnà sí wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 17.9 ènìyàn ni àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa ní gbogbo ayé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ará àwọn ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀.

Ẹ kò tí ì gbàgbé ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998, nígbà tí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, kú ní Àbújá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ní àtìmọ́lé. Àwọn oníṣègùn tí ó ti òkè òkun wá yẹ òkú rẹ̀ wò wí pé àrùn ọkàn tí ó ti wà lára rẹ̀ pẹ́ ni ó pa á. Àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lórí ikú náà, ìjiyàn yẹn kọ́ ni ó sì kó wa jọ síhìn-ín. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fà yọ ni pé àrùn ọkàn kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, àti pé ó lè wà lára ènìyàn fún ìgbà pípẹ́ kí ọjọ́ tí ayé yóò mọ̀ tó pé.

IV. ÀMÌ TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Àmì tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìrora láàárín àyà. Kì í sábà gún bí abẹ́rẹ́. A máa tẹni mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí a gbé ọlọ lé ènìyàn láyà, tàbí kí ó fún àyà pọ̀. Ó lè gba èjìká, ọrùn, àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn tàbí apá òsì lọ. Òógùn tútù, èémí kíkúrú, òòyì àti èébì lè bá a rìn.

Àwọn obìnrin, àwọn arúgbó, àti àwọn tí àtọ̀gbẹ ń ṣe lè má ní ìrora tí ó lágbára. Ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ wọ́n lójijì ni, tàbí pé èémí wọn kò délẹ̀, tàbí pé inú wọn ń ru. Nígbà náà ni ará ilé yóò wí pé, “Ìyá, atẹ́gùn inú ni,” wọn a sì lọ ra oògùn inú rírun. A kò wí pé gbogbo inú rírun ni àrùn ọkàn. Ohun tí a ń wí ni pé bí ìrora bá ń wá nígbà tí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń lọ nígbà tí ó bá sinmi, kí ó má ṣe fi í pamọ́; kí ó lọ fi ara rẹ̀ han dókítà ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

V. WÁKÀTÍ EWU

Bí ìrora àyà bá wá nígbà tí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí ó ju ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ, tàbí tí ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àkókò àti máa wádìí ẹni tí ó fa á ti kọjá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Nígbà mìíràn àwọn ará ilé a wí pé ọ̀tá ni ó ta á lọ́fà, wọn a sì gbé e láti ilé babaláwo dé ilé aládùúrà. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ẹ gbà á nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí ọsibítù. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ó kọjá, díẹ̀ nínú ẹran ọkàn ń kú, èyí tí ó bá sì ti kú kì í jí mọ́.

Ẹ mú aláìsàn náà jókòó, kí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti nǹkan, kí ẹ tú aṣọ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀. Bí kò bá jẹ́ ẹni tí aspirin ń bá jà, tí inú rẹ̀ kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀, hóró aspirin kan tí ó jẹ́ mílígíráàmù 300 tí ó bá fi eyín rún lè dín dídì ẹ̀jẹ̀ náà kù. Bí dókítà bá ti fún un ní oògùn tí a ń fi sábẹ́ ahọ́n tẹ́lẹ̀, kí ó jókòó kí ó tó lò ó; bí ìrora kò bá sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5, kí ẹ máa lọ.

Àwa ará Ìkẹ́nnẹ́ kò sí ní ibi tí ó burú jù. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn lẹ́bàá wa níhìn-ín, níbi tí àwọn oníṣègùn ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ sì wà ní Ṣágámù. Kí olúkúlùkù baálé mọ ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀ ní òru, kí ó mọ ẹni tí ó ní ọkọ̀ ládùúgbò, kí ó sì ní orúkọ oògùn tí aláìsàn ilé rẹ̀ ń lò nínú ìwé kan tí gbogbo ilé mọ ibi tí ó wà.

VI. OÒGÙN TÍ A KÌ Í FI SÍLẸ̀

Nígbà tí ewu bá kọjá tí aláìsàn padà sílé, nígbà náà ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ara wọn yá, àyà kò dùn wọ́n mọ́, wọn a sì rò pé àrùn ti tán. Wọn a fi oògùn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé àrùn yìí kò dà bí ibà tí a lò oògùn fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó sì lọ. Òkìtì ọ̀rá ṣì wà nínú iṣan. Oògùn ni kò jẹ́ kí ó là, oògùn ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lé e lórí. Bí ara bá yá, oògùn náà ni ó ń ṣiṣẹ́.

Agbára àwọn oògùn wọ̀nyí kì í ṣe àbá. Ní ọdún 1988, a tẹ ìwádìí kan jáde tí a ṣe fún àwọn aláìsàn tí ó ju 17,000 lọ. Aspirin tí wọ́n lò fún oṣù kan lẹ́yìn ìkọlù ọkàn dín ikú kù ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ní ọdún 1994, ìwádìí mìíràn tí a ṣe fún aláìsàn 4,444 ní àwọn ilẹ̀ apá àríwá Yúróòpù fi hàn pé oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, èyí tí a ń pè ní statin, dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Dókítà a tún máa fi oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ àti èyí tí ń mú kí ọkàn lù jẹ́jẹ́ kún un. Fún ẹni tí ó ti ní àrùn ọkàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí òǹkà òkè nínú ìfúnpá rẹ̀ kéré sí 130.

Iṣẹ́ abẹ náà wà. Ní ọdún 1967, René Favaloro, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà, yọ iṣan kan ní ẹsẹ̀ aláìsàn, ó sì fi la ọ̀nà mìíràn yí ibi tí ó dí ká, bí a ti í la ọ̀nà tuntun nígbà tí afárá bá wó. Ní ọdún 1977, Andreas Gruentzig ní ìlú Zurich ti ọ̀pá rírọ̀ kan tí ó ní báálúù kékeré lẹ́nu wọ inú iṣan ọkàn, ó fẹ́ báálúù náà, ọ̀nà sì ṣí láìla àyà. Nílẹ̀ wa, Énúgù ni a ti kọ́kọ́ la ọkàn ṣiṣẹ́ abẹ, ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Ọ̀nà tí a là lónìí lè dí lọ́la bí ohun tí ó dí ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni a ní láti ṣe. Èkíní: ẹni tí ń lo oògùn ọkàn kò gbọdọ̀ dá àgbo mu láìsọ fún dókítà, pàápàá àgbo tí a fi ọtí líle pò. Èkejì: ọ̀pọ̀ oògùn ara ríro tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri a máa pa ọkàn lára, kí ó bi apòògùn kí ó tó lò ó. Ẹ̀kẹta, tí ojú kò ní jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bàbá béèrè: oògùn tí ń ru agbára ọkùnrin sókè àti oògùn ìrora àyà tí a ń fi sábẹ́ ahọ́n kò gbọdọ̀ pàdé nínú ara kan. Bí wọ́n bá pàdé, ìfúnpá lè já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà yóò kú. Ẹ̀tàn sì wà nínú àwọn ìgò tí a ń tà lẹ́bàá títì, nítorí a kò mọ ohun tí ó wà nínú wọn.

VII. OÚNJẸ WA

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ àwọn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ jẹ ti Òyìnbó. Ó yẹ kí a padà sí èyí tí ó dára nínú tiwa. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀, ewédú, ẹja, ẹ̀pà tí a kò bù níyọ̀, ọsàn àti ìbẹ́pẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkàn. Ìkọ́kọrẹ́ dára bí epo àti iyọ̀ kò bá pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀bà kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀.

Ní ti òróró, epo pupa ní ọ̀rá tí ń dì tó nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Òróró àgbọn ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Òróró ẹ̀pà kéré jù wọ́n lọ. Kí a fi ṣíbí wọn epo pupa, kí a má ṣe dà á láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Òróró tí a ti fi dín nǹkan léraléra títí ó fi dúdú kò yẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹran ọlọ́ràá, kí ó dínkù. Iyọ̀ tí ó yẹ àgbàlagbà ní ọjọ́ kan kò ju gíráàmù 5 lọ, èyí tí í ṣe ṣíbí tíì kan péré. Ẹ sì rántí pé iyọ̀ wà nínú àwọn èròjà ìsebẹ̀ alájáàdì, nínú búrẹ́dì, àti nínú ẹja gbígbẹ oníyọ̀.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ilẹ̀ obì, a ó sì bi wá léèrè nípa rẹ̀. Obì kọ́ ni ó ń dí iṣan ọkàn. Ṣùgbọ́n èròjà inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn a máa mú ọkàn sáré, a sì máa ru ẹ̀jẹ̀ sókè fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le, kí ó fi awẹ́ kan bu ọlá fún àlejò, kí ó má ṣe jẹ ẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́.

Tábà kò ní ìwọ̀n tí ó dára. Ẹni tí ó bá fi sìgá sílẹ̀, kí ọdún kan tó yí po, ewu àrùn ọkàn tí sìgá gbé lé e lórí a ti dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Kò sí oògùn ọsibítù tí ó tà ní ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀.

VIII. IṢẸ́ ÀTI ÌSINMI

Ìbẹ̀rù ń mú kí àwọn kan jókòó sínú ilé bí ẹyin lẹ́yìn ìkọlù ọkàn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ọkàn jẹ́ ẹran, ẹran tí a kò bá lò a sì máa rọ̀. Pẹ̀lú àṣẹ dókítà, kí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọ̀nà tí ó tẹ́jú, kí ó fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi máa rìn fún 30 ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Kí ó rìn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ yóò yára díẹ̀, ṣùgbọ́n tí yóò ṣì lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí àyà bá dùn, kí ó dúró. Ẹni tí ó bá lè gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì láìsí ìrora, ìbálòpọ̀ pẹ̀lú aya tàbí ọkọ rẹ̀ kò sábà ní ewu fún un mọ́.

Ní ìlú wa yìí ni Táí Ṣólàrín àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní ọdún 1956, níbi tí a ti kọ́ àwọn ọmọ láti fi ọwọ́ ara wọn roko bí wọ́n ti ń kàwé. Ẹ̀kọ́ ìgbáralé ara ẹni ni. Ó sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ìlera pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá mọ ọkọ́ lò kò ní jẹ́ kí ìjókòó pa á lágbà.

IX. ỌKÀN TÍ Ń RONÚ, ẸBÍ ÀTI OWÓ

A wí ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ọkàn méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn. Ìdààmú wà nínú ohun mẹ́sàn-án tí a kà. Ẹjọ́ ilẹ̀ tí kò parí, gbèsè ìsìnkú, ìjà orogún, àìsùn ní òru: gbogbo wọn ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Lẹ́yìn ìkọlù, ìbànújẹ́ ńlá a máa mú àwọn ẹlòmíràn. Wọn kì í fẹ́ jẹun, wọn kì í fẹ́ rí ènìyàn, wọn a sì fi oògùn sílẹ̀. Àìsàn ni ìbànújẹ́ yìí pẹ̀lú, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ sọ fún dókítà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ìyàwó ilé má ṣe se ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ fún bàbá bí ẹni pé ìjìyà ni. Kí gbogbo ilé jẹ ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré, nítorí àwọn ọmọ náà ní iṣan. Kí ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù tí í máa fi owó ránṣẹ́ fún àríyá kọ́kọ́ béèrè pé, “Bàbá, oògùn yín ti kù tó mélòó?”

Owó ni òkúta tí ó tóbi jù lójú ọ̀nà, a kò sì ní í fi ẹnu kò ó mọ́lẹ̀. Bí owó kò bá tó, kí aláìsàn má ṣe máa lo oògùn ọjọ́ kan kí ó fo ọjọ́ méjì, kí ó má sì fi í sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Kí ó sọ fún dókítà pé owó kò sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ni ó ní irú tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá lórí, tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní owó tí ó kéré púpọ̀. Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera; kí ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bèèrè bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ṣe lè wọlé. Ẹgbẹ́ tí ń dá owó fún aṣọ ẹbí lè dá owó fún ẹ̀mí.

Ẹ̀yin ará, a kò lè ṣèlérí pé ẹni tí ó pa gbogbo èyí mọ́ kò ní kú. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn tí ó pa á mọ́ ń pẹ́ ju àwọn tí kò pa á mọ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 40 nínú wa, kí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tí ó ní oògùn nílé, kí ó lò ó ní alẹ́ òní. Ẹni tí ó sì mọ aládùúgbò tí ó ń di àyà mú bí ó bá ń gun òkè, kí ó mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀la. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.